Bí Gúnrégé Ṣe Ká Ìwé Ìbò Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà nílé ìfọṣọ tí wọ́n ń pè ní Gúnrégé. Ìyá tó bí i sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀hún ti sùn sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tipẹ́tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń jí i mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dúró ti tábìlì kan ṣoṣo, tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, débi pé igi tábìlì náà ti jẹ wọnú níbi tí ikùn rẹ̀ máa ń kàn án. Ṣẹ́ẹ̀tì tí Gúnrégé bá lọ, bí eṣinṣin bá bà lé e, yóò yọ̀ ṣubú ni. Adájọ́ kan wọ ọ̀kan lọ sí kóòtù, kò lè tẹrí wo ìwé ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀, nítorí kọ́là kò gbà fún un. Bí wọ́n ṣe dá ọ̀daràn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ọ̀daràn náà.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀ jù ni kíká. Àwọn alọṣọ yòókù máa ń ká ṣẹ́ẹ̀tì sí méjì, wọ́n á tún ká a sí méjì, ó parí. Gúnrégé á ká tirẹ̀ sí mẹ́ta, á wá ki igun kan ṣoṣo bọ inú, bí ọmọ tó fi etí pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, kí aṣọ má baà tú lójú ọ̀nà. Nílé ìfọṣọ náà, ọwọ́ ẹni ni orúkọ ẹni. Bí oníbàárà bá dá aṣọ padà pé áyọ́ọ̀nù ti jó o lápá, wọn kì í béèrè ta ló ṣe é. Wọ́n á kàn wo bí wọ́n ṣe ká a, wọ́n á sì kọjú sí ẹni tó ni ẹ̀bi.

Ẹni tó mọ àwọn ọwọ́ wọ̀nyí jù lọ ni ọkùnrin tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn alọṣọ láàárọ̀, tó tún ń to aṣọ sínú àpò fún oníbàárà nírọ̀lẹ́. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é. Kò kàwé òfin rí o. Ẹjọ́ kẹ̀kẹ́ ló gbé e dé kóòtù lẹ́ẹ̀kan, ó sì ro ẹjọ́ náà títí ó fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi kí adájọ́ tó jókòó, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ kò dákẹ́ mọ́. Lọ́yà yìí kan náà ni àbúrò ìyàwó Gúnrégé, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan, àbíkẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n dàgbà.

Nígbà tí ọ̀gá ní kí àwọn òṣìṣẹ́ yan ẹnì kan tí yóò máa wọ ọ́fíìsì òun wá gbẹnu sọ fún wọn, Lọ́yà ló kọ́kọ́ nàwọ́ sókè. Ẹnì kejì tó jáde ni Ìyá Olómi, olórí àwọn tó ń fọ aṣọ, obìnrin tí ìka rẹ̀ ti funfun, tó sì hunjọ bíi ti ẹni tó sùn sódò. Ìyá Olómi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn ń dun gbogbo àwọn alọṣọ nítorí tábìlì wọn kúrú. Lọ́yà bá wọn wọlé lọ bá ọ̀gá. Ó kí ọ̀gá fún odidi wákàtí kan, ó kí ìyàwó ọ̀gá, ó kí ajá ọ̀gá, ó jáde, ó ní ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Ìyá Olómi, tí kò di áyọ́ọ̀nù mú rí, ló wá fi aṣọ iṣẹ́ tó rin gbingbin wọlé lọ. Ó dúró sórí kápẹ́ẹ̀tì, kò jókòó, kò jáde, omi ń kán tó, tó, tó lára rẹ̀, títí ọ̀gá fi ní kí wọ́n lọ gbé tábìlì ga, kí kápẹ́ẹ̀tì òun má baà di odò tí ẹja ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Gúnrégé ti ń sùn láìkérora.

Ìyàwó Gúnrégé, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì níwájú ilé, kò mọ̀ nípa kápẹ́ẹ̀tì. Ohun tó mọ̀ ni pé àbúrò òun fẹ́ di ẹni ńlá. Ọkọ rẹ̀ kò tíì gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tó ti gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ pé kó dìbò fún Lọ́yà.

Gúnrégé ní òun ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ máa ń sọ nìyẹn nígbà tí kò bá fẹ́ ṣèlérí, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti báni gbé fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kì í ṣe àlejò.

“Gbígbọ́ kọ́,” ó ní. “Sọ ọ́ jáde kí n fi etí mi gbọ́.”

Ọkọ bá sọ ọ́ jáde pé àbúrò rẹ̀ lòun yóò dìbò fún. Òkèlè náà kò sì lọ dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ni Lọ́yà ṣe lọ káàkiri ilé ìfọṣọ. Ó fara mọ́ ẹni tó ń fọṣọ, ó fara mọ́ ẹni tó ń sá a, ó ń gba ìlérí lọ́wọ́ wọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́tàdínlógún ló fẹ́ dìbò. Nígbà tí yóò fi parí ìrìn rẹ̀, pẹ̀lú ìbò tirẹ̀, ó ti ka mẹ́tàlá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n ti gbé àga fún.

Akọ̀wé ọ̀gá, obìnrin onígíláàsì kan tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan aago ara ògiri, ló ṣètò ìbò náà. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìbò ẹnìkejì, torí ọ̀tá ibi iṣẹ́ burú ju ọ̀tá ilé lọ. Kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ, nítorí ojú mọ ọwọ́ ìkọ̀wé. Ẹni tó bá fẹ́ Ìyá Olómi, kó ya òdo róbótó. Ẹni tó bá fẹ́ Lọ́yà, kó fa ìlà gbọọrọ. Pẹ́ńsùlù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yóò lò. Ìwé tí wọ́n fún wọn jẹ́ ọ̀kan náà, gígùn kan náà, funfun kan náà. Wọ́n ta aṣọ ibùsùn ńlá kan sínú yàrá tí wọ́n ń sá aṣọ sí, kí olúkúlùkù lọ sẹ́yìn rẹ̀ lọ ṣe tirẹ̀, kó ká ìwé rẹ̀, kó sì jù ú sínú agolo ọṣẹ tí wọ́n ti lu ihò sí lórí. Ó ṣètò, ó ṣètò, kò kù síbì kan. Àfi bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn pa, tó fi àgádágodo sí i, tó wá fi fèrèsé sílẹ̀ gbayawu.

Nígbà tó kan Gúnrégé, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ náà lọ, ó mú pẹ́ńsùlù. Ó rántí ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì rántí Ìyá Olómi. Ẹ̀yìn ló borí. Ó ya òdo náà, ṣùgbọ́n ó kánjú tó bẹ́ẹ̀ tí òdo fi dà bí ẹyin tí adìyẹ yé lójú eré. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ aṣọ ibùsùn bóyá ẹsẹ̀ ẹnì kan wà nítòsí. Kò sí ẹsẹ̀. Ó ju ìwé náà sínú agolo, ó jáde, ó sì ń fọn fèrè lẹ́nu bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí ojú ń ṣọ́ ẹsẹ̀, ta ló ṣọ́ ọwọ́? Ọ̀sán ọjọ́ náà kan náà ni Akọ̀wé da ìwé sórí tábìlì lójú gbogbo wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ìkarùn-ún. Gúnrégé rí i lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ ọmọ ara rẹ̀ láàárín èrò. Ìwé ọ̀hún ti di mẹ́ta, igun kan sì wà nínú, ó rọra sùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti ká a bí ṣẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ. Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Lọ́yà. Lọ́yà pẹ̀lú ń wo ìwé náà.

Ìyá Olómi ní mẹ́sàn-án, Lọ́yà ní mẹ́jọ. Ìbò kan ṣoṣo ló fi borí.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló sì fi rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò bá a dá sí i. Ó ní kò burú. Ó ní ìbò mẹ́tàlá lòun kà, mẹ́jọ lòun rí, a jẹ́ pé ẹni márùn-ún ló wà nínú ilé yìí tó gbé irọ́ wọ̀ bí ẹ̀wù. Ó ní òun yóò fẹ́ mọ ẹni tí ẹ̀wù náà bá lára mu. Olúkúlùkù bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọrùn ẹnìkejì.

Ìròyìn ti dé ilé ṣáájú Gúnrégé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó láàárín bọ́tìnnì, ó ní àwọn èèyàn ibi iṣẹ́ wọn burú, pé ejò inú koríko sàn jù wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọkọ. “Ìwọ ńkọ́?”

“Ṣé àna mìíràn tún wà tí mo ní ni?” ni Gúnrégé fi dá a lóhùn.

Ẹni tó bá gbọ́ ìdáhùn yẹn dáadáa yóò rí i pé kò sí ìdáhùn nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Ó wò ó fún ìgbà tí ènìyàn lè fi ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta. Ẹ̀rù wíwò náà ba Gúnrégé ju ariwo lọ. Ó mọ obìnrin yìí. Nígbà kan tí ó gbàgbé láti bá Lọ́yà kó ẹrù lọ sílé tuntun, odidi oṣù kan ni ìyàwó rẹ̀ fi bá ògiri sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀. “Ògiri, sọ fún un pé oúnjẹ ti jinná. Ògiri, bi í bóyá ó máa wẹ̀.” Nígbà tí oṣù náà fi pé, Gúnrégé fúnra rẹ̀ ti ń kí ògiri káàárọ̀. Tí gbígbàgbé lásán bá lè mú oṣù kan wá, èlé wo ló máa gorí ìbò? Ìbò kan ṣoṣo ló gba àga lọ́wọ́ ọmọ tó pọ̀n, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló ti jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Lọ́yà lọ bá Akọ̀wé. Ìwé òfin tí Akọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ ní ẹni tó bá fìdí rẹmi lè béèrè pé kí wọ́n tún ìbò kà lójú gbogbo èèyàn kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Lọ́yà ní òun béèrè. Wọ́n fi í sí ọjọ́ Ajé, nígbà ìsinmi ọ̀sán. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó dúró ti tábìlì Gúnrégé, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ti lọ, ó ń fi ìka pa igun rẹ̀ bí ẹni ń pa etí ọmọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó rọra ní, “Akọ̀wé gbọ́n, ṣùgbọ́n ohun kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kì í fi ọwọ́ pamọ́ fún ẹni tó ń to aṣọ.”

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀, ó kọjá lọ. Ó dúró ti tábìlì kejì, ó wo bí ẹni ibẹ̀ ṣe ń ká aṣọ, ó mi orí, ó kọjá sí ẹ̀kẹta. Kò tíì dé ìparí yàrá tí ọ̀rọ̀ fi yé gbogbo wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilé ìfọṣọ kan kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó ká aṣọ bó ṣe máa ń ká a mọ́. Ẹni tó máa ń ká sí méjì ń ká sí mẹ́ta. Ẹni tó máa ń ká sí mẹ́ta ń ká a bí àkájọ ẹní. Ọkùnrin tó ń lọ ṣòkòtò, tí wọ́n ń pè ní Oníṣòkòtò, bẹ̀rẹ̀ sí í ká ṣòkòtò bí ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbìyànjú láti fún un lápá. Hòtẹ́ẹ̀lì kan dá odindi àpò kan padà kí oòrùn tó yí, wọ́n ní aṣọ ibùsùn ni àwọn ṣí, bọ́ọ̀lù ló jáde níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sá fún ọwọ́ ara wọn. Ẹni tó bá ti wúkọ́, wọ́n á ní ó ń fi ikọ́ ṣe àmì. Ẹni tí kò wúkọ́, wọ́n á ní kí ló ń dákẹ́ sí?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gúnrégé ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, opó ọlọ́mọ mẹ́ta kan tí ohùn rẹ̀ kò ga ju ti èéfín lọ. Gúnrégé ló kọ́ ọ níṣẹ́ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà ó sún mọ́ ọn, ó sọ fún un pé ẹ̀rù ń ba òun. Gúnrégé ní ẹ̀rù kí ni.

“Èmi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, Ẹ̀gbọ́n,” ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ fi dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Gúnrégé létí bí abẹ́rẹ́. Kí ni obìnrin yìí ní lọ́kàn? Ṣé ó yọjú wo òun lẹ́yìn aṣọ ni? Ṣé Lọ́yà ló rán an wá? Ó fi ìkanra dá a lóhùn, ó kọ ẹ̀yìn sí i títí wọ́n fi ṣíwọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó jókòó nílé, ó ń wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà ń wò ó, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín síra wọn bí ológbò méjì lórí ògiri kan.

Ọjọ́ Ajé dé. Akọ̀wé gbé agolo ọṣẹ wá sórí tábìlì ńlá tí wọ́n ń to aṣọ sí. Ó da ìwé mẹ́tàdínlógún náà síta, ó tún wọn kà, mẹ́sàn-án àti mẹ́jọ náà ni. Ó fẹ́ kó wọn padà. Lọ́yà gbé ọwọ́ lé e. Ó ní òun náà fẹ́ kà á. Àwọn ìwé náà ti là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìṣẹ́po kò parẹ́ lára wọn. Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí bó ṣe wà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń tò wọ́n bí ó ṣe máa ń to aṣọ.

“Kíkà la ní kí o kà,” Akọ̀wé ní. “A ò ní kí o wá ẹni tó ni wọ́n.”

“Kíkà náà ni mò ń kà, Àǹtí. Oníkálùkù ló ní bó ṣe ń kàwé.”

Ó mú ìwé kan tí wọ́n lọ́ bí aṣọ tútù tí wọ́n ń fún. Òdo ló wà nínú rẹ̀. Ó béèrè ta ló máa ń fún nǹkan báyìí. Ìyá Olómi ní òun ni, pé ara òun lòun dìbò fún, àbí Lọ́yà kò dìbò fún ara tirẹ̀ ni? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Oníṣòkòtò ló sì rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Lọ́yà gbé ìwé kejì sókè. Ìwé náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fa ojú áyọ́ọ̀nù láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ bíi ti ṣòkòtò àwọn sójà. Òdo ló wà nínú òun náà. Bẹ́ẹ̀ Oníṣòkòtò ti fi orí ìyá rẹ̀ ṣèlérí fún Lọ́yà.

“Àlàáfíà ni,” Lọ́yà sọ fún un, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. “Iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ, àbí? A ó bá ọ dín in kù.”

Iye aṣọ tí ènìyàn bá lọ ni wọ́n ń san fún un, Lọ́yà ló sì ń pín aṣọ. Gbogbo wọn ló gbọ́ ìró ọ̀bẹ nínú oyin náà.

Lọ́yà wá mú ìwé méjì pa pọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó yíjú sí Gúnrégé. Méjèèjì ti di mẹ́ta, méjèèjì sì fi igun kan pamọ́ sínú. Ìlà wà nínú èyí tó wà lọ́tùn-ún. Òdo tó dà bí ẹyin wà nínú èyí tó wà lósì. Ìgbà yẹn ni Gúnrégé rántí pé òun nìkan kọ́ ló ní ọwọ́ yẹn mọ́. Ó ti kọ́ ẹnì kan. Ó wo Àǹtí Jẹ́jẹ́. Àǹtí Jẹ́jẹ́ ń wo ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́sí sì yé e wàyí. Obìnrin náà ṣèlérí fún Lọ́yà, ó sì mú un ṣẹ. Ìlà náà, òun ló ni ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi,” Lọ́yà ní. “Ẹ gbà mí. Èwo ni tiyín nínú méjèèjì?”

Ọ̀nà àbáyọ wà nílẹ̀, ó là gbalaja. Kí ó kàn nawọ́ sí ọ̀tún ni. Àna yóò dì mọ́ ọn, ìyàwó yóò se oúnjẹ aládùn, ògiri yóò padà di ògiri lásán. Àǹtí Jẹ́jẹ́ nìkan ni òdo náà yóò ṣubú lé lórí, kò sì ní lè gbèjà ara rẹ̀, nítorí ta ni yóò gba ohùn èéfín gbọ́ tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀? Láti ọ̀la lọ, aṣọ ìnuwọ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni wọn yóò máa pín fún un, òun àti ọmọ mẹ́ta. Tí ó bá sì nawọ́ sí òsì, ilé tirẹ̀ dàrú. Gúnrégé yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó ní ojú òun kò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé kí Lọ́yà jẹ́ kí òun wò wọ́n níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa.

Lọ́yà kó méjèèjì fún un. Gúnrégé ní ènìyàn kì í dá méjì wò láìfi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn, ó sì gbá àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù jọ mọ́ ọn wẹ́rẹ́, ó kó wọn lọ sórí tábìlì rẹ̀ lábẹ́ iná. Ó tẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ó na aṣọ tó ní ọ̀rinrin lé wọn. Kí Lọ́yà tó béèrè pé kí ni aṣọ ń wá níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù ti balẹ̀, èéfín omi gbígbóná sì ti bo ojú àna méjèèjì.

Kò kánjú. Ó lọ wọ́n bí ẹni ń lọ kọ́là ọkọ ìyàwó, ó yí wọn padà, ó lọ ẹ̀yìn wọn. Nígbà tó ká aṣọ náà kúrò, ìwé mẹ́tàdínlógún dùbúlẹ̀, wọ́n tẹ́jú bí omi inú àwo. Òdo wà níbẹ̀, ìlà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìṣẹ́po kan ṣoṣo kò sí mọ́. Ó kó wọn fún Akọ̀wé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní kó tún wọn kà bóyá iná jó ìkankan. Akọ̀wé kà á. Mẹ́sàn-án, mẹ́jọ. Ó da wọ́n sínú agolo, ó jókòó lé agolo náà lórí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Lọ́yà wí, kò rẹ́rìn-ín mọ́, “ẹni tí kò jalè kì í nu ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.”

“Alọṣọ ni mí,” Gúnrégé dá a lóhùn. “Mo rí ohun tó hunjọ, mo lọ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún nìyẹn.”

Ìwọ yóò rò pé àlàáfíà dé. Rárá o. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rù Gúnrégé ju Lọ́yà lọ. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ kan gbogbo ìwé náà kó tó pa ojú ìṣẹ́po wọn rẹ́, bẹ́ẹ̀ ọlọ́jà kì í gbàgbé ọjà. Ọ̀kan gbé àga wá fún un, ó ní kó sinmi ẹsẹ̀. Òmíràn kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Oníṣòkòtò ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò ó títí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ fi jó ìdí ṣòkòtò kan. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni. Gúnrégé rí gbogbo rẹ̀, ó mọ àwọn márààrùn-ún, ìbá sì san nǹkan kí wọ́n lè bá a lọ orí ara rẹ̀ náà kó tẹ́jú. Àǹtí Jẹ́jẹ́ nìkan ló wá bá a nígbà tí wọ́n ń ṣíwọ́, ó ní òun dúpẹ́. Gúnrégé ní kí ló ṣe tó fi ń dúpẹ́, ó sì yára lọ.

Lọ́yà ti gba ọ̀nà kúkúrú dé ilé ṣáájú rẹ̀. Gúnrégé bá a lórí àga níwájú bọ́tìnnì, ó ń ro ẹjọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bó ṣe rí Gúnrégé, ó nàka sí i, ó ní kí wọ́n bi í, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní fi áyọ́ọ̀nù lé ìwé lórí. Gúnrégé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, èkejì níta, kó lè mọ èyí tí yóò fi sá.

Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. “Ìbò mélòó lo ní?” ó béèrè.

“Mẹ́jọ.”

“Ó dá ọ lójú pé ti ọkọ mi ò sí nínú mẹ́jọ yẹn?”

Lọ́yà ní kò dá òun lójú, nítorí ọkọ rẹ̀ ti lọ ojú ìṣẹ́po ìwé pa rẹ́, ohun tí òun ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tí kò bá ti dá a lójú, kò ní dúró ní ìloro òun kó máa pe ọkọ òun ní onírọ́ létí àwọn ará àdúgbò. Ó ní kó lọ sílé, ìyàwó tirẹ̀ ń retí rẹ̀. Lọ́yà lọ, ó ṣì ń ro ẹjọ́ náà fún ara rẹ̀ lójú títì.

Inú Gúnrégé dùn dé ibi tí ó fi gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn.

“Ó ti lọ,” ó ní. “Ó ku èmi àti ìwọ. Òun lo dìbò fún ni, àbí òun kọ́?”

Irọ́ ti wà lẹ́nu Gúnrégé, ó ti lọ ọ́, ó ti ká a. Ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tó pọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ó jókòó.

“Nígbà ìbò ìjọba, lọ́dún méjì sẹ́yìn,” ó ní, “a jọ lọ, a jọ tò, a jọ bọ̀. Gbogbo ọ̀nà lo fi ń yin ẹni tí mo fẹ́. Ta lo dìbò fún?”

Bọ́tìnnì kan bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ohun tí ìwọ fẹ́ fi tèmi ṣe.”

Wọ́n wo ara wọn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn kò tíì wo ara wọn báyẹn rí. Gúnrégé wá rántí pé nígbà tí ẹni tí òun fẹ́ fìdí rẹmi nínú ìbò ọ̀hún, ìyàwó òun fọ gbogbo aṣọ ilé lọ́jọ́ náà, ó sì ń kọrin. Òun náà ń wo ọkọ rẹ̀, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ìṣírò kan ń bọ́ sí i lójú.

“Ọkùnrin yìí,” ó sọ níkẹyìn, “o burú.”

Kò bá ògiri sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó lọ sí ìdí ààrò, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó gbé oúnjẹ wá ka iwájú ọkọ, ó sì jókòó kọjú sí i, ó ń wò ó. Gúnrégé wo oúnjẹ. Ó wo ìyàwó. Ó rọra fi ìka kan ti àwo náà padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Kọ́kọ́ tọ́ ọ wò,” ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó jẹ ẹ́, ó sì mú ẹran kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú.